Ṣé ìrẹ̀sílẹ̀ ni iṣẹ́ igbákejì kóòṣì? Ìtàn Hansi Flick fún agbábọ́ọ̀lù àárín kan

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àárín ni mo ń gbá, níwájú àwọn adẹ̀yìnmú. Orúnkún ti ń yọ mí lẹ́nu, dókítà sì ti ní kí n rora ṣe. Ẹgbẹ́ wa wá ní kí n máa bọ̀ wá ṣe igbákejì kóòṣì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ a-gbé-kóònù ni wọ́n fún mi. Bàbá kan ládùúgbò wa ló ní kí n lọ wo ìtàn Hansi Flick ará Jámánì, pé àárín lòun náà gbá, pé igbákejì Löw ló ṣe kó tó dẹni ńlá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni igbákejì tiẹ̀ ń ṣe gan-an? Àbí èèyàn kàn ń jókòó síbẹ̀ de ìgbà tí ọ̀gá bá kúrò ni?”

Àbúrò mi, òótọ́ ni bàbá yẹn sọ, àmọ́ ó fo ibi tó ṣe kókó jù. Kí Flick tó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Joachim Löw, kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Jámánì nígbà náà, ó ti ṣe kóòṣì àgbà fún bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹni tó ti jẹ ọ̀gá ló gba iṣẹ́ igbákejì, kì í ṣe ọmọdé tó ń tọrọ àyè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ igbákejì, kì í ṣe àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà dé yàrá ọ̀gá. Àwọn kan gba ibẹ̀ dépò ọ̀gá. Àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ṣe é, ọlá wọn ò sì dín.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1965 ni wọ́n bí Hans-Dieter Flick ní Heidelberg, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Mückenloch, abúlé kan nítòsí ibẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tó fi máa bọ́ sí SV Sandhausen, bọ́ọ̀lù ò tí ì tó o jẹun, ó sì kọ́ṣẹ́ báńkì. Mo fẹ́ràn apá yẹn nínú ìtàn rẹ̀ gan-an. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní kékeré láti ka owó olówó kó pé, bó bá dàgbà tó wá ń tọ́jú ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹgbẹ́, kò ní yà mí lẹ́nu pé kò sóhun tó sọnù níbẹ̀.

Lọ́dún 1985, Bayern München mú un. Ọmọ ogún ọdún ni. Udo Lattek ni kóòṣì nígbà yẹn, ó sì kó àwọn abẹnugan jọ: Lothar Matthäus, Klaus Augenthaler, Sören Lerby ará Denmark, lẹ́yìn náà Andreas Brehme. Láàárín ọdún márùn-ún tí Flick lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gba Bundesliga, líìgì àgbà Jámánì, ní 1986, 1987, 1989 àti 1990, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì ní 1986. Eré líìgì 104 ló gbá fún wọn. Góòlù márùn-ún péré ló jẹ. Bó o bá ń gbá ipò tó o ní ò ń gbá yìí, wàá mọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì yẹn ń sọ. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ ní pápá. Òun ló ń sáré dí ihò tí Matthäus bá fi sílẹ̀ nígbà tó bá gòkè lọ, òun ló ń gba bọ́ọ̀lù padà tó ń fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù ú lọ.

Wo àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1987, ní Vienna. Bayern kojú FC Porto. Flick wà lára àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀. Ludwig Kögl, tó kúrú jù nínú wọn, ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, gbogbo èèyàn sì rò pé ó ti tán. Títí dé ìṣẹ́jú 77, Bayern ló wà níwájú. Ìgbà náà ni Rabah Madjer, ọmọ Àlgéríà, fi gìgísẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, góòlù tí àwọn àgbà tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, Juary jẹ èkejì. Bayern wá ń wá góòlù lójú méjèèjì, ta ni wọ́n yọ? Flick. Wọ́n fi Lars Lunde, agbábọ́ọ̀lù iwájú, rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí fún wa ní àárín nìyẹn: bí eré bá dára, wọn ò rí ọ, bí eré bá le, ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè jáde. Ẹni tó bá lè gba ìyẹn mọ́ra láì bínú sí ẹgbẹ́, ó ti ní ìdajì ohun tí iṣẹ́ igbákejì ń béèrè.

Mi ò ní fàkókò ṣòfò lórí ẹgbẹ́ Köln. Ó lọ síbẹ̀ lọ́dún 1990, ìfarapa ń lọ, ó ń bọ̀. Eré líìgì 44 láàárín ọdún mẹ́ta. Nígbà tó di 1993, ọmọ ọdún 28, ó fi bọ́ọ̀lù àwọn ńlá sílẹ̀. Kò gbá eré kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àgbà Jámánì rí. Rántí ìyẹn, torí bọ́ọ̀lù tí ò gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló wá fi ọdún mẹ́jọ kọ́ àwọn ẹlòmíì láti gbá.

Ibi tí bàbá àdúgbò yín fò nìyí. Flick padà sílé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Victoria Bammental, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan nítòsí Heidelberg. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò eré ìdárayá. Láti 1996, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ẹgbẹ́ náà, tó sì tún ń gbá nínú rẹ̀. Ẹni tó ti gba Bundesliga nígbà mẹ́rin ló ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wọn nírọ̀lẹ́. Lọ́dún 2000 ni Hoffenheim pè é. Má fi Hoffenheim òní wò ó o. Abúlé ni, líìgì kẹrin ni wọ́n wà, àmọ́ Dietmar Hopp, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ SAP sílẹ̀, ń náwó sórí ẹgbẹ́ náà torí ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́mọdé. Ní sáà àkọ́kọ́, Flick gbé wọn lọ sí líìgì kẹta. Ní ìparí ọdún 2003, wọ́n lé Bayer Leverkusen kúrò nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Jámánì, 3–2. Ọdún yẹn kan náà ló gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì tó ga jù ní Jámánì, ní Köln. Àmọ́ líìgì kejì tí wọ́n ń wá, ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. Sáà kan lọ, òmíràn lọ. Nínú oṣù Kọkànlá 2005, wọ́n dá a dúró. Ralf Rangnick tó dé lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì túbọ̀ ṣí àpò fún, ló gbé wọn dé Bundesliga ní 2008.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ní Salzburg lábẹ́ Giovanni Trapattoni, níbi tí òun àti Matthäus ti tún pàdé, ìpè dé nínú oṣù Kẹjọ 2006. Jürgen Klinsmann ti kúrò lórí ẹgbẹ́ Jámánì lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí wọ́n gbà lálejò. Joachim Löw, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, gba ipò. Ó nílò ẹni tó máa jókòó síbi tóun fúnra rẹ̀ jókòó sí. Löw mọ iṣẹ́ náà láti inú, kò sì wá ẹni tó máa kan sáárá sí i. Ẹni tó ti dá ẹgbẹ́ kọ́ rí ló wá, tó mọ bó ṣe ń rí lára kóòṣì tó bá pàdánù nígbà mẹ́ta léraléra.

Jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Àwọn ará Jámánì ò fojú ìrẹ̀sílẹ̀ wo iṣẹ́ yìí, ìtàn wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sepp Herberger tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1954 ti kọ́kọ́ ṣe igbákejì Otto Nerz. Helmut Schön tó gba ti 1974 ti ṣe igbákejì Herberger. Jupp Derwall ṣe igbákejì Schön. Berti Vogts ṣiṣẹ́ lábẹ́ Franz Beckenbauer kó tó gbapò. O máa rántí Vogts: òun ló kó Super Eagles lọ sí Gánà ní 2008, tí Gánà fi lé wa lọ sílé ní kọ́tà-fáínà, 2–1. Uli Stein tó ti ṣọ́lé fún Hamburg ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Löw, igbákejì ni. Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá pe èèyàn ní igbákejì, ojú ẹni tí ò rí tiẹ̀ mú ni wọ́n fi ń wò ó. Àṣà wa nìyẹn, kì í ṣe òfin bọ́ọ̀lù.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ kejì: kí ni igbákejì ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò rí. Òun ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú mélòó la máa fi sáré, mélòó la máa fi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ta ló ní ìfarapa tí kò gbọ́dọ̀ fò. Òun ló ń ka ìròyìn lórí ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ kojú. Ní Jámánì ìgbà náà, Urs Siegenthaler ará Switzerland ló jẹ́ olórí àwọn tó ń lọ ṣọ́ àwọn alátakò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì eré ìdárayá ní Köln sì ń wo fídíò eré, wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn máa ń pọ̀ jọjọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á, kó yọ ohun mẹ́ta péré nínú rẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù lè rántí nígbà tí ooru bá mú un ní ìṣẹ́jú 80. Iṣẹ́ igbákejì nìyẹn.

Kóònù tí wọ́n fi ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Gbé e dáadáa. Bó o bá fi kóònù pààlà pápá kékeré fún mẹ́rin sí mẹ́rin, tó o ṣe é ní mítà 20 sí 15, ẹsẹ̀ á máa kan ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù ò ní pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́ láti ronú kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bó o bá ṣe é ní mítà 40 sí 30, eré sísá lo fi kọ́ wọn, wọ́n á lè sáré pẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn kan náà ni, bọ́ọ̀lù kan náà ni, ìgbésẹ̀ díẹ̀ tó o fi sún kóònù ló yí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ̀ pé ẹni tó ń gbé kóònù ló ń pinnu ohun tí gbogbo wọn máa fi wákàtí kan àbọ̀ kọ́.

Apá kejì iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ. Agbábọ́ọ̀lù tí wọn ò mú kì í lọ bá ọ̀gá; igbákejì ló máa ń bá. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí igbákejì bá dá a lóhùn pé “èmi ì bá mú ọ, ọ̀gá ni ò gbà,” ó ti ba ilé jẹ́. Bó bá dákẹ́, ọmọ náà á lọ máa kùn lẹ́yìn. Igbákejì rere máa ń gbé ìpinnu ọ̀gá bíi pé tirẹ̀ ni, kódà bó bá ti bá ọ̀gá jiyàn lé e lórí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ohun tó pamọ́ á hàn sójú ayé. Oṣù Kẹfà 2008, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú eré tí Jámánì bá Austríà gbá ní Vienna, rẹfirí lé Löw àti kóòṣì Austríà, Josef Hickersberger, kúrò létí pápá. Wọ́n ní Löw ò gbọ́dọ̀ sí lórí bẹ́ǹṣì nínú eré tó kàn. Eré tó kàn yẹn, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ní Basel, kọ́tà-fáínà ni, Pọ́rtúgàl ti Cristiano Ronaldo àti Deco sì ni. Löw wà lókè lẹ́yìn gíláàsì, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì ń yà á. Flick ló wà nísàlẹ̀.

Wo bí wọ́n ṣe gbá a. Torsten Frings ti farapa, wọ́n sì yí ètò padà: Simon Rolfes àti Thomas Hitzlsperger dúró níwájú àwọn adẹ̀yìnmú, wọ́n tú Michael Ballack sílẹ̀ níwájú wọn. Bastian Schweinsteiger jẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni fíríkíìkì rẹ̀ bá orí Miroslav Klose, góòlù kejì. Ní ìlàjì kejì, fíríkíìkì rẹ̀ mìíràn bá orí Ballack, ẹ̀kẹta. Ó parí sí 3–2. Kò sí ìgbà kankan tí ẹgbẹ́ yẹn rí bí ẹgbẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò sí nílé. Mi ò mọ ẹ̀rí tó lágbára ju ìyẹn lọ pé igbákejì mọṣẹ́: kó dúró síbẹ̀ kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ìwọ náà á ti rí i pé góòlù méjì nínú mẹ́ta yẹn wá láti ibi tí bọ́ọ̀lù ti dúró. Ibẹ̀ ni Flick ti fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ jù lọ. Löw fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó ń ṣàn. Kọ́nà àti fíríkíìkì ò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀. Flick ò yéé rọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó lọ sí Brazil ní 2014, ní ibùdó ìmúrasílẹ̀ wọn ní South Tyrol, àyè gbà wọ́n láti fi kọ́nà àti fíríkíìkì dánra wò dáadáa, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn náà sì ń dá ọgbọ́n tuntun.

Ó so èso. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ́nà Toni Kroos, orí Mats Hummels, góòlù lójú Pọ́rtúgàl. Lójú Gánà, nígbà tí Gánà ti ṣíwájú 2–1, Klose ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kroos gbá kọ́nà sí òpó tó sún mọ́ ọn. Benedikt Höwedes ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀, kò gbìyànjú láti jẹ góòlù, ó kàn fi orí yà á kọjá sí òpó kejì, Klose sì ti ń yọ́ bọ̀ lórí koríko. Góòlù karùn-ún-dín-lógún rẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn, tó fi bá Ronaldo ará Brazil dọ́gba. Èèyàn mẹ́ta ló ṣe é. Ẹni àárín nínú wọn ni mo fẹ́ kó o máa wò nígbàkigbà tó o bá rí fídíò náà, torí pé òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́: ó ní láti mọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra pé ẹnì kan á wà lẹ́yìn òun.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ìwọ náà á ti wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Faransé nà wá 2–0 ní Brasília. Rántí bí àkọ́kọ́ ṣe wọlé: kọ́nà ni, Vincent Enyeama jáde, ọwọ́ rẹ̀ ò ká a dáadáa, Paul Pogba fi orí kàn án sínú àwọ̀n òfo. Ọjọ́ kan náà ni Jámánì ń làágùn lọ́wọ́ Àlgéríà ní Porto Alegre, níbi tí wọ́n ti gbìyànjú ọgbọ́n fíríkíìkì kan: Thomas Müller sáré bíi pé ó fẹ́ gbá a, ó ṣubú fún ẹ̀tàn, ó dìde, ó tún sáré lọ, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá tẹ̀lé e ò sì débi kankan. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Faransé tó fi kọ́nà nà wá pàdé Jámánì. Kroos gbé fíríkíìkì wá láti ẹ̀gbẹ́ òsì, Hummels ti Raphaël Varane sẹ́yìn, ó fi orí kàn án, 1–0, ó tán. Nígbà tí wọ́n sì máa ká Brazil mọ́lé 7–1, kọ́nà Kroos ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, Müller ló dá dúró láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ. Wọ́n gba ife náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Flick fi ipò igbákejì sílẹ̀, bí wọ́n ti fẹnu kò sí ṣáájú, ó lọ ṣe olùdarí eré ìdárayá fún àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017.

O wá bi mí bóyá èèyàn ń dúró kí ọ̀gá kúrò ni. Nínú oṣù Keje 2019, Flick padà sí Bayern, igbákejì ni, lábẹ́ Niko Kovač. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, Eintracht Frankfurt ti nà wọ́n 5–1, Kovač sì kúrò lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí Flick dì í mú fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ló gba Bundesliga, ife ẹ̀yẹ Jámánì, àti Champions League ní Lisbon, pẹ̀lú 8–2 tí wọ́n fi ṣe Barcelona léṣe. Ó dá Müller padà sáàárín ètò. Alphonso Davies, ọmọ tó ń gbá iwájú, di adẹ̀yìnmú apá òsì. Nínú oṣù Kẹfà 2020 ló fi Jamal Musiala, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ pápá fúngbà àkọ́kọ́ nígbà tí kò tí ì pé ọdún 18. Àwọn kan sọ nígbà náà pé Flick ti ń ṣọ́ àga Kovač tipẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ jókòó ti Löw láìjẹ́ kí ìwé ìròyìn kankan rí ìjà gbọ́ láàárín wọn, irú àga wo ló fẹ́ máa ṣọ́ lóṣù mẹ́rin?

Àmọ́ mi ò ní tàn ọ́. Ó di kóòṣì àgbà Jámánì ní 2021, eré mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló jẹ léraléra, lẹ́yìn náà ni ó dàrú. Ní Qatar 2022, Japan nà wọ́n, wọn ò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2023, Japan tún nà wọ́n 4–1 ní Wolfsburg, ní ilé wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lé e, òun sì ni kóòṣì àkọ́kọ́ tí Jámánì máa lé láti 1926 tí wọ́n ti ní kóòṣì. Ilé kan náà, àga kan náà tó ti ràn lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀gá lẹ́yìn ò fi dandan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀gá níbẹ̀. Barcelona tó mú un ní 2024 sì gba líìgì Spéìn àti ife ẹ̀yẹ ọba ní sáà àkọ́kọ́, kí o má bàa rò pé ó ti parí fún un.

Bí ìtàn Flick bá ga jù fún ọ, wo ti Peter Hermann. Wọ́n bí i ní 1952, agbábọ́ọ̀lù àárín ni, Leverkusen ló gbá fún ní ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ Bundesliga ní 1979. Ó di igbákejì, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupp Heynckes ní Leverkusen, tó tẹ̀ lé e lọ sí Bayern, tí wọ́n jọ gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta ní 2013. Nígbà tí Bayern lọ bẹ Heynckes nínú oṣù Kẹwàá 2017 pé kó jáde kúrò nínú ìsinmi ìfẹ̀yìntì, ó ní kí wọ́n bá òun mú Hermann wá. Hermann sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Fortuna Düsseldorf. Bayern sanwó fún Düsseldorf kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, owó tí àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ ní ó lé ní mílíọ̀nù kan Yúrò. Igbákejì ni wọ́n sanwó yẹn fún o, ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́rin. Sọ ìyẹn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ní ti àárín tó o ń gbá, ó ń ranni lọ́wọ́, kò pọn dandan. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń rí iwájú àti ẹ̀yìn, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ igbe adẹ̀yìnmú àti ẹ̀bẹ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú. Àmọ́ adẹ̀yìnmú ni Joseph Yobo tí wọ́n fi ṣe igbákejì Gernot Rohr, ará Jámánì mìíràn, lórí Super Eagles ní 2020. Aṣọ́lé ni Stein. Ohun tí mo máa bi ọ́ ni pé nígbà tó o ń gbá, ṣé o máa ń mọ ibi tí àwọn mẹ́wàá yòókù wà, àbí ibi tí bọ́ọ̀lù wà nìkan?

Nítorí náà, kó o tó fún ẹgbẹ́ yín lésì, jókòó pẹ̀lú kóòṣì yín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kí alága má sí níbẹ̀. Bi í ní ohun tó máa wà lọ́wọ́ rẹ tí ẹlòmíì ò ní dá sí. Mo dábàá kó o tọrọ kọ́nà àti fíríkíìkì, tiyín àti ti alátakò, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí bọ́ọ̀lù. Bi í bóyá wàá lè sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé o ò gbà, níkọ̀kọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yẹn, ó dáa. Bó bá fajú ro, rò ó dáadáa. Kí wọ́n kọ iye owó rẹ àti iṣẹ́ rẹ sórí ìwé.

Má sì dá ìwé ẹ̀rí dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ìjọba, NIS, ní Sùúrùlérè ní Èkó ń kọ́ àwọn kóòṣì, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, náà sì máa ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Flick ń kọ́ Hoffenheim lọ́wọ́ nígbà tó ń gba tirẹ̀. O ò nílò láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ bá dókítà kan náà yẹn pẹ̀lú, kó sọ fún ọ bóyá orúnkún rẹ lè gba kó o máa bá wọn gbá eré kékeré nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ní rárá, ra fèrè tó dáa.